Ẹ Má Ta Ọkọ̀ Ará Ìlú Lóru

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ másínnì lóru, ẹ kú àìsùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó èrò láti Okokomaiko àti Ìyànà Ìbà lọ sí Mile 2 kí àkùkọ tó kọ, ẹ kú ewu ọ̀nà.

Ní ìpàdé gbogboogbò ẹ̀ka wa tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan jáde tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa dìde, ó ní kí ìjọba kúkú ta gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ohun ìjọba kò ní olówó. Ó ní, "Ẹ wo Nigeria Airways. Ta ló pa á bí kò ṣe ìjọba?" Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan hó lé e lórí. Alága ní kí n fèsì gẹ́gẹ́ bí aṣojú òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú, àwọn tó ní iṣẹ́ òru sì ti ń wo aago. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi èsì mi sínú ìwé ìròyìn wa. Èsì náà nìyí.

Arákùnrin wa yẹn kò purọ́. Ìjọba jẹ̀bi ikú Nigeria Airways. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ohun ìjọba kò ní olówó ni n kò fara mọ́. Ó ní olówó: ìwọ àti èmi ni. Olùṣọ́ ni kò ní. Bí oko bá wà tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, bí o tà á fún ẹlòmíràn, olè kò ní tìtorí ìyẹn kúrò nínú oko.

Kí n tó dé orí tiwa, mo fẹ́ kí a gba ọ̀nà ibòmíràn lọ ná. Ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kò mọ ìyà ilé ẹlòmíràn ṣe ń rò pé òun nìkan ni ayé ń dojú ìjà kọ.

Ní oṣù December 2019, bàálù orílẹ̀-èdè kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Cape Verde bẹ̀rẹ̀ sí bà ní Ìkẹjà. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Kò tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí àrùn Kòrónà fi ti ayé pa, bàálù náà kò sì wá mọ́. Ohun tí ojú ilé-iṣẹ́ tó ni bàálù yẹn rí ni mo fẹ́ kí a fi kọ́gbọ́n.

Cape Verde jẹ́ erékùṣù mẹ́wàá tó wà láàrín agbami òkun, ní ìwọ̀-oòrùn Dakar, ó sì lé ní 500 kìlómítà sí etí òkun ilẹ̀ Senegal. Ènìyàn ń gbé orí mẹ́sàn-án nínú wọn. Gbogbo wọn lápapọ̀ kò ju bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn lọ. Nínú ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ tiwa nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 600,000. Ìyẹn ni pé orílẹ̀-èdè tí mo ń sọ yìí, tó ní ààrẹ, tó ní àsíá, kò tó àwa tí a wà ní àyíká ibí yìí.

Lójú wa níbí, bàálù jẹ́ ohun olówó. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, a ó ní ayé ń yẹ ẹ́. Fún ẹni tó ń gbé erékùṣù, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí aboyún kan bá wà ní erékùṣù Maio tí ìrọbí rẹ̀ le, ilé ìwòsàn ńlá wà ní Praia, olú ìlú wọn, òkun sì wà láàrín. Bí olùkọ́ bá gba ìwé pé kí ó lọ kọ́ni ní Boa Vista, òkun wà láàrín. Ọkọ̀ ojú omi wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkun kì í fi gbogbo ìgbà rọ̀. Nítorí náà, bàálù ni dánfó wọn, òun ni mólúè wọn. Pápá bàálù méje ni wọ́n ní fún erékùṣù mẹ́sàn-án, bí àwa ṣe ní ibùdókọ̀ láti Volkswagen dé Ìyànà Ìbà.

Báwo ni bàálù ṣe kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn? Kì í ṣe nítorí aboyún, kì í sì í ṣe nítorí olùkọ́. Ní ọdún 1939, àwọn Potogí tó ń jọba lé wọn lórí gba ìjọba Mussolini ti Ítálì láàyè láti la pápá bàálù sí erékùṣù Sal, ilẹ̀ iyọ̀ àti iyanrìn. Bàálù ayé ìgbà náà kò lè fò láti Rome dé Brazil láìdúró rọ epo, Sal sì wà lójú ọ̀nà. Ìparí ọdún náà ni bàálù Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí gba ibẹ̀ kọjá. Ogun àgbáyé kejì fi òpin sí i ní 1941, àwọn Potogí sì ra ohun tí àwọn Ítálì kọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn ogun. Bàálù Imperial Airways ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà dé Èkó ní 1936. Lẹ́tà àti àwọn ọ̀gá ìjọba ni ó ń gbé, kì í ṣe ìyá alátà láti Àgbádárìgì. Òyìnbó la ọ̀nà ojú ọ̀run fún ara rẹ̀, bó ṣe la ojú irin fún ẹ̀pà àti kòkó.

Àwọn ará Cape Verde ló sọ ọ́ di ti ara wọn díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn bàálù kan níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti erékùṣù dé erékùṣù ní 1955. Ní 27 December 1958, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ TACV sílẹ̀. Ẹ fi ọdún 1958 yẹn sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà nínú ìtàn Sal tí òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ fò dá. Ní 1963, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ti gba òmìnira ti ojú ọ̀run wọn mọ́ bàálù South Africa, nítorí ìyà tí ìjọba aláwọ̀ funfun ibẹ̀ fi ń jẹ ènìyàn dúdú lábẹ́ òfin apartheid. Bàálù wọn ní láti fò yípo Áfíríkà lórí òkun kí ó tó dé ilẹ̀ Òyìnbó. Ibo ni yóò ti rọ epo? Sal ni. Láti 1967 ni wọ́n ti ń bà síbẹ̀, nígbà tí Potogí ṣì ni ilẹ̀ náà.

Ní 5 July 1975, Cape Verde gba òmìnira lábẹ́ ẹgbẹ́ tí Amílcar Cabral ṣe olórí rẹ̀ kí wọ́n tó yìnbọn pa á ní Conakry ní January 1973. Orúkọ Cabral ni wọ́n fi sọ pápá bàálù Sal. Ènìyàn yóò rò pé ọjọ́ náà gan-an ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ South Africa. Wọn kò tì í. Ọ̀dá ti dá wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, oúnjẹ kò tó, owó tí bàálù ń san ní Sal sì wà lára owó òkèèrè díẹ̀ tí ìjọba tuntun náà lè fojú rí. Bàálù South Africa ń bà níbẹ̀. Bàálù Kúbà tó ń kó ọmọ ogun lọ ran Àǹgólà lọ́wọ́ láti lé South Africa kan náà padà, òun pẹ̀lú ń bà níbẹ̀.

Àwọn kan bú wọn. Èmi kò ní bú wọn, nítorí mo mọ ohun tí ó jẹ́ kí ènìyàn máa bá ọ̀gá burúkú ṣiṣẹ́ nítorí owó ilé ìwé ọmọ. Ṣùgbọ́n ilé tó bá fi oníbàárà kan ṣoṣo ṣe òpó, ọjọ́ tí oníbàárà bá yẹsẹ̀ ni ilé yóò mì. Ní 1986, Amẹ́ríkà ṣòfin pé bàálù South Africa kò gbọdọ̀ bà ní ilẹ̀ òun mọ́, owó àwọn tó ń gba Sal lọ síbẹ̀ sì gé. Nígbà tí apartheid kú, ojú ọ̀run Áfíríkà ṣí sílẹ̀ fún wọn, wọn kò sì nílò láti yípo gba orí òkun mọ́. Lónìí, orúkọ Nelson Mandela ni ó wà lára pápá bàálù Praia. Ayé ń yí.

TACV ń dàgbà ní gbogbo àkókò yìí. Ní 1996, ó gba bàálù Boeing 757 láti máa gbé èrò lọ sí òkèèrè, nítorí pé ọmọ Cape Verde pọ̀ ní Lisbon àti ní agbègbè Boston ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ní 7 August 1999, bàálù kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ fún un gbéra ní São Vicente lọ sí Santo Antão. Ojú ọjọ́ burú, kò lè bà, ó yí padà, ó sì kọlu òkè. Ènìyàn 18 ló wà nínú rẹ̀, kò sí èyí tó yè. Santo Antão kò ní bàálù èrò mọ́ lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀. Ẹ rí i pé bí ọkọ̀ kan bá dúró ní erékùṣù, kò sí òmíràn tí yóò yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò máa ké "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín!"

Ṣùgbọ́n gbèsè ń gun orí gbèsè. N kò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. TACV kò pa èrè, ìjọba ni ó sì ń fi owó gbé e ró. Ní 2017, wọ́n là á sí méjì. Ìrìnàjò láti erékùṣù dé erékùṣù, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí àwọn ará Canary dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ti òkèèrè, wọ́n ní kí àwọn ará Iceland wá máa bójú tó o. Ní 1 March 2019, wọ́n ta ìpín 51 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn ará Iceland náà ní owó Euro 1,300,000. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ fi 60 ọdún kọ́, iye tí wọ́n ta èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ kò lè ra bàálù ńlá tuntun kan ṣoṣo. Gbèsè àtijọ́ sì kù sọ́rùn ìjọba.

Iceland náà erékùṣù ni. Ènìyàn ibẹ̀ kò tó 400,000, wọn kò tó Cape Verde. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìlú kékeré kò lè ní bàálù. Àwọn tó kéré jù ni wọ́n wá ra àwọn tó pọ̀ jù.

Ètò àwọn olùrà dára lójú ìwé. Wọ́n ní kí Sal di oríta, kí bàálù máa kó èrò láti Èkó àti Dakar wá síbẹ̀, kí ó sì há wọn lọ sí Amẹ́ríkà, Brazil àti ilẹ̀ Òyìnbó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dé Ìkẹjà. Mi ò ní ètò náà burú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: oníṣòwò Èkó tó ń lọ sí Brazil wà nínú ìṣirò náà, aboyún Maio kò sí níbẹ̀. Nígbà tí Kòrónà dé ní March 2020, gbogbo bàálù dúró, ètò sì fọ́. Ní July 2021, ìjọba Cape Verde ṣòfin, ó gba ìpín 51 náà padà. Ní December ọdún náà, bàálù wọn tún gbéra lọ sí Lisbon.

Ti abẹ́lé ńkọ́? Àwọn ará Canary fi í sílẹ̀ ní 2021. Ilé-iṣẹ́ Àǹgólà kan gbà á lọ́wọ́ wọn. Ní 2024, òun náà kó ẹrù rẹ̀. Ta ni ó padà wá gbé èrò láti erékùṣù dé erékùṣù? TACV àtijọ́ tí wọ́n ní kò wúlò mọ́ ni. Ẹni tó ń wá èrè lè lọ bí èrè bá tán. Ará ìlú kò ní ibi tí yóò lọ.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní 1946, àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá West African Airways Corporation sílẹ̀ fún ilẹ̀ mẹ́rin tó wà lábẹ́ wọn: Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáńbíà. Èkó ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní 1947. Gold Coast di Ghana ní 1957, ọdún kejì ni ó fa ara rẹ̀ yọ láti dá tirẹ̀ sílẹ̀. Àwa náà dá tiwa sílẹ̀ ní October 1958, ọdún kan náà pẹ̀lú TACV. Ìjọba ní ju ìdajì lọ, Elder Dempster tó ni ọkọ̀ ojú omi àti BOAC ti Gẹ̀ẹ́sì pín ìyókù. Ní 1961, ìjọba ra ìpín wọn, gbogbo rẹ̀ di tiwa. Ní 1971, Nigeria Airways di orúkọ rẹ̀ lábẹ́ òfin. Erin tó hu ìyẹ́ ni àmì rẹ̀, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1980, bàálù rẹ̀ tó bí ọgbọ̀n.

Yorùbá ní ọjọ́ tí erin bá kú là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Erin tiwa kò tíì kú tí ọ̀bẹ fi dé. Àwọn alágbára àti ìdílé wọn ń wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Obiora Nwazota darí yẹ ìwé ilé-iṣẹ́ náà wò láti 1983 dé 1999, ó sì rí i pé wọ́n kó owó rẹ̀ jẹ. Nígbà tí ìjọba ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2003, bàálù tó kù kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ di ẹni tí kò níṣẹ́. Ó di 2018, ọdún 15 gbáko, kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí san èyí tó ṣe gúnmọ́ nínú owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ọ̀pọ̀ ti kú kí owó tó dé. Àwọn opó àti ọmọ òrukàn ni wọ́n wá tò sórí ìlà. Ní May 2023, wọ́n tún gbé bàálù kan wá sí Abuja tí wọ́n kùn ní ọ̀dà Nàìjíríà, wọ́n ní tuntun ti dé. Ti Ethiopia ni. Ó padà sí ọ̀dọ̀ olówó rẹ̀.

Ẹ rí i pé ìtàn méjèèjì jọra, wọn kò sì jọra. Cape Verde tà, ó rí i pé kò dára, ó gbà á padà. Àwa kò tà á, a jẹ ẹ́ títí ó fi tán. Nínú méjèèjì, ohun kan náà ni kò sí: ẹnikẹ́ni tí ó lè na ọwọ́ sókè ní àkókò tó yẹ, kí ó sọ pé "Ó tó," kí wọ́n sì gbọ́.

Ta ni ó yẹ kí ó jẹ́ ẹni náà? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára iṣẹ́ ni. Ní 11 July 1991, bàálù DC-8 kan tí Nigeria Airways yá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Canada láti kó àwọn alálàájì padà gbéra ní Jeddah, ó ń bọ̀ ní Sokoto. Àwọn kan nínú táyà rẹ̀ kò ní atẹ́gùn tó. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé mẹkáníìkì mọ̀ nípa táyà náà kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ ni kò fẹ́ ìdádúró. Táyà bẹ́, iná mú bàálù, ènìyàn 261 kú, ẹnì kan kò yè. Ẹ̀yin awakọ̀, ó yé yín ju èmi lọ. Ẹ mọ àárọ̀ tí ẹ máa ń sọ fún olówó ọkọ̀ pé táyà ẹ̀yìn ti fá, tí yóò ní ẹ kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ owó òun wá ná.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Ilé-iṣẹ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀. A dé ibi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a bá ẹ̀wọ̀n tuntun lẹ́nu géètì, ọlọ́dẹ tí a kò mọ̀ rí ló dúró síbẹ̀. Ó ní wọ́n ti ta ilé-iṣẹ́. Ta ló tà á? Kò mọ̀. Ta ló rà á? Kò mọ̀. Aṣọ iṣẹ́ mi àti abọ́ oúnjẹ mi wà nínú, wọn kò jẹ́ kí n wọlé mú wọn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi lọ tí mo ń bọ̀ nítorí owó iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ níbẹ̀, tó mọ ìró másínnì kọ̀ọ̀kan bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀, ìdajì ni wọ́n san fún un. Oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó ta ilé-iṣẹ́ náà, bàbá yìí ti lọ sọ fún ọ̀gá pé wọ́n ń kó ẹ̀yà ara másínnì jáde lóru. Wọ́n ní kí ó lọ dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó rí olè. Ẹnu rẹ̀ ni kò tó ibẹ̀.

Nítorí náà, arákùnrin mi tó sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, èsì mi kì í ṣe pé kí ìjọba má ta nǹkan kan láéláé. Èsì mi ni pé yálà wọ́n tà á, yálà wọn kò tà á, olùṣọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà nínú àwọn olùṣọ́ náà. Mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa gbé ohun mẹ́ta lọ síwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́.

Èkíní, kí wọ́n ṣí ìwé sílẹ̀. Ohunkóhun tó bá ń gbé ará ìlú, ìbáà jẹ́ bàálù, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀sì, kí aṣojú òṣìṣẹ́ lè rí ìwé ìṣirò rẹ̀ lọ́dọọdún, kì í ṣe lọ́jọ́ tí olùrà bá dé.

Èkejì, kí wọ́n san owó òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé títà. Owó oṣù tí wọ́n jẹ àti owó ìfẹ̀yìntì ni kí ó kọ́kọ́ jáde. Ẹni tó bá ra ilé, tó sì bá àgbàlagbà tí wọ́n jẹ lówó lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì ra ilé náà tán.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí olùrà bá kùnà láti gbé èrò, ará ìlú yóò gbà á padà láìjẹ́ pé wọ́n tún san owó. Cape Verde ní láti ṣòfin ní 2021 kí wọ́n tó gba tiwọn. Ẹ jẹ́ kí tiwa ti wà nínú ìwé kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́.

Àwọn kan yóò ní kí ló kàn wá pẹ̀lú bàálù, àwa tí a ń wọ dánfó. Ó kàn wá. Ọkọ̀ ojú irin Èkó, èyí tí wọ́n ń pè ní Blue Line, ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2 láti September 2023, Okokomaiko wa níbí ni wọ́n sì ṣètò pé yóò parí sí. Inú mi dùn sí i. Ó yẹ kí inú gbogbo wa dùn, nítorí ọmọ wa yóò dé ibi iṣẹ́ láìsùn sínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin awakọ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà yìí, ẹ ti bèèrè ibi tí wọn yóò fi yín sí? Ẹ ti bèèrè bóyá ọmọ Ọ̀jọ́ àti Ìbà yóò rí iṣẹ́ níbẹ̀, àti iye tí ìyá aláta yóò san lọ́dún márùn-ún sí ìgbà tí ó bá dé? Ọjọ́ tí wọ́n bá gé ríbọ́n kọ́ ni a ń bèèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìsinsìnyí ni.

Ìpàdé wa tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí a dìbò lórí ohun mẹ́ta yìí. Arákùnrin tó sọ pé kí wọ́n ta gbogbo rẹ̀, kí ó wá, kí ó sì jókòó níwájú. Bí ó bá ní èsì sí ohun tí mo kọ, ojú ewé yìí ṣí sílẹ̀ fún un. A kì í torí pé a ò gbọ́ra yé ká tú ẹgbẹ́ ká.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́. Kí ẹgbẹ́ wa má tú o.